Sèlíátù, Ẹ̀rọ Ìbéèrè àti Ìwé Orúkọ

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà ní iléèwé kan ní àdúgbò Kókò, nílùú Bùàké, ti tò wọlé, wọ́n ti jókòó, olúkúlùkù ti gbé síléètì rẹ̀ sórí tábìlì. Sèlíátù ṣí ìwé ìpè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ.

"Kùàmé."

"Mo wà ńbí, màdámù."

"Raïmi Qoreebah."

Kò sí ẹni tó dáhùn. Ó pe Raïmi kejì, ó pe ẹ̀kẹta. Nígbà tó gbójú sókè, àga mẹ́tàdínlógún ló ṣófo. Gbogbo ẹni tí kò wá, ọmọ Anago ni, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀.

"Níbo ni àwọn yòókù wà?"

Armelle tó jókòó níwájú nawọ́ sókè. "Màdámù, màmá wọn ní kí wọ́n má wá mọ́. Wọ́n ní ẹ ti kọ wọ́n sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà máa kó wọn lọ sí Nàìjíríà."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Sèlíátù kò bá wọn rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe olùkọ́ gidi nígbà náà. Káfópù, iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ni, ló rán an wá kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Mùsíọ̀ Étienne, olùkọ́ tó ni kíláàsì náà. Àkànmú, bàbá rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ ní ọjà ńlá. Germaine, ìyá rẹ̀, ọmọ Baulé ni láti Brobo, àwọn onílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Káfópù ń pè é ní Anago, àwọn ìyá ọlọ́jà ń pè é ní ọmọ Baulé. Ó ti mọ́ ọn lára. "Ẹ pín mi bó bá ṣe wù yín," ló máa ń wí, "kí ẹ ṣáà fi ẹnu mi sílẹ̀ fún mi."

Ọdún kẹrin tí wọ́n gé iye owó sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀, sí méjì nìyẹn. Ọjà kò tà. Rédíò kò sì ní ọ̀rọ̀ méjì mọ́ ju ta ni ọmọ onílẹ̀ gidi, ta ni àtọ̀húnrìnwá. Ní ọ̀nà Sakasú, ọlọ́pàá ń dá ọkọ̀ dúró, wọ́n ń béèrè káàdì ìgbélùú lọ́wọ́ ẹni tó bá wọ agbádá. Bùàké kan náà tí Júlà, Baulé, Mọ̀sí àti Anago ti jọ ń gbé, tí ọmọ ilé kìn-ín-ní ń jẹun nílé kẹta tí ẹnikẹ́ni kì í wá a, ibẹ̀ ni ẹni tó ti lo ọgbọ̀n ọdún ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí àlejò.

Àárín èyí ni ẹ̀rọ náà dé. Ẹgbẹ́ kan láti òkè òkun ló gbé e wá fún iléèwé náà láti fi dánra wò: kọ̀ǹpútà kan, tẹlifísọ̀n ńlá kan, àti àpótí kékeré mẹ́rìndínláàádọ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Bọ́tìnnì mẹ́rin wà lára àpótí kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè á hàn lójú tẹlifísọ̀n, ìdáhùn mẹ́rin á tò sábẹ́ rẹ̀, ọmọ á tẹ èyí tó rò pé ó tọ́. Lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rọ á sọ ẹni tó gbà á àti ẹni tí kò gbà á.

Àwọn tó dàgbà níbẹ̀ mọ tẹlifísọ̀n ìjọ́sí, èyí tí ìjọba fi ń kọ́ ọmọ ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú. Tìgbà yẹn, tẹlifísọ̀n á máa sọ̀rọ̀, ọmọ á máa wò ó. Tuntun yìí, òun ló ń béèrè, á sì dúró gbọ́ èsì. Àwọn ọmọ Anago inú kíláàsì sọ ọ́ ní Bèèrè-kí-n-fèsì.

Kò rọrùn fún Sèlíátù. Kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Nígbà tí Mùsíọ̀ Étienne ní kó di ohun tí wọ́n ń pè ní eku mú, ó dì í mú bí ẹni di adìẹ tó fẹ́ sá lọ.

"Kò ní bù ẹ́ jẹ," ni Étienne wí.

"Ẹ̀yin ńkọ́, kò bù yín jẹ rí?"

"Ó bù mí jẹ. Mo pa iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Díẹ̀díẹ̀, eku náà gbọ́rọ̀ sí i lọ́wọ́. Orúkọ ló wá di wàhálà. Ọmọ méje láti agbo ilé Alájì Jàfárù tó ń ta abọ́ lọ́jà ńlá ló wà nínú kíláàsì náà, orúkọ kan ṣoṣo, Raïmi, ni akọ̀wé iléèwé fi síwájú orúkọ gbogbo wọn. Ojú tẹlifísọ̀n kò sì gbà ju orúkọ iwájú lọ. Bí wọ́n bá ti tẹ bọ́tìnnì tán, á ní Raïmi gbà á, Raïmi kò gbà á, Raïmi kò tẹ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan Qoreebah, tí orí rẹ̀ pé jù nínú wọn, bú sẹ́kún. "Màdámù, èmi kọ́ ni Raïmi tó kùnà."

Sèlíátù wá mú ìwé kan, ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń béèrè orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ nílé, kó lè fi wọ́n sínú ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin náà sì mọ bí a ṣe ń ṣe é. Yorùbá kì í béèrè orúkọ kó dákẹ́ síbẹ̀. Bí o bá béèrè pé ta ni ọmọ yìí, wàá béèrè ta ni bàbá rẹ̀, ìlú wo ni wọ́n ti wá, agbo ilé wo, wàá tún béèrè ara ìyá àgbà. Ẹni tí kò bá béèrè bẹ́ẹ̀, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Bí Sèlíátù ti ń béèrè nìyẹn, tí wọ́n ń dá a lóhùn, tí wọ́n ń bu omi fún un. Ó sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ẹ̀jìgbò, ó dé ní ọdún báyìí, ó gba ọ̀nà Gánà wá. Kò mọ̀ pé bóun ti ń jáde ni ẹ̀rù ń wọlé.

Lọ́jọ́ Ajé yẹn, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ lọ sílé, Étienne fìdí lé orí tábìlì.

"Ọjọ́ Ẹtì ni ẹni tó máa yẹ iṣẹ́ rẹ wò ń bọ̀ láti Káfópù. Ọmọ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ti tó. Kọ́ wọn, gba máàkì rẹ, kí o máa lọ. Ìwọ kọ́ lo lé ẹnikẹ́ni."

"Èmi ni mo lé wọn, Mùsíọ̀. Èmi ni mo gbé ìwé kiri."

"Tí o bá wá ń sáré kiri àdúgbò dípò kí o múra ẹ̀kọ́ rẹ sílẹ̀, wàá kùnà. Ọdún kan gbáko lo máa tún ṣe."

"Àwọn náà ńkọ́? Ìdánwò àtiwọ iléèwé girama ku oṣù kan àbọ̀. Ọdún kan tèmi, ọdún mẹ́tàdínlógún tiwọn. Ẹ bá mi wọ̀n ọ́n."

Étienne kò wọ̀n ọ́n. Ó ní kó pa fáànù kó tó jáde.

Ọ̀dọ̀ Alájì Jàfárù ni Sèlíátù gbà lọ, ní ọjà ńlá. Òun ni àgbà àwọn Anago àdúgbò yẹn. Bó bá ní kí ọmọ padà, wọ́n á padà. Ó bá bàbá náà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń nu abọ́ tánńganran. Sàfúrátù, ìyàwó rẹ̀, ń to ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sèlíátù kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ọjà o, Bàbá. Ẹ kú ìjókòó."

"Akọ̀wé orúkọ dé." Alájì kò gbójú kúrò lára abọ́. "Ta ló tún kù tí o kò tíì kọ? Ewúrẹ́ wa wà ní ẹ̀yìnkùlé."

Sàfúrátù rẹ́rìn-ín sínú ìborùn rẹ̀.

"Bàbá, àwọn ọmọ ni mo wá tọrọ. Kíláàsì ti ṣófo."

"Kò lè ṣófo. Àwọn onílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀."

"Ẹ̀rọ yẹn kò lẹ́sẹ̀, kò níyẹ̀ẹ́. Kò lè kó ẹnikẹ́ni lọ síbì kankan."

"Ta ló sọ fún ọ pé ẹ̀rọ ni mò ń bẹ̀rù?" Ó gbé abọ́ sílẹ̀. "Dìde, jókòó. Ṣé o rò pé àgbàlagbà bíi tèmi ò mọ tẹlifísọ̀n yàtọ̀ sí ọkọ̀ akẹ́rù?"

Sèlíátù jókòó.

"Kùmásì ni mo wà lọ́dún 1969," ni Alájì wí. "Oṣù díẹ̀ kí wọ́n tó lé wa, ọmọkùnrin kan wá sílé wa. Ó mọ̀wà hù, bíi tìrẹ. Ó kí wa, ó jókòó, ó béèrè orúkọ wa, ó béèrè ìlú wa, ó béèrè iye ọdún tí a ti lò. Ìyá mi bu omi fún un. Ó kọ gbogbo rẹ̀. Bóyá ìwé yẹn ni wọ́n fi lé wa, bóyá òun kọ́, títí dòní mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì, tí mò ń di ẹrù, ìwé ọmọkùnrin yẹn ṣáá ni mò ń rí."

"Bàbá, èmi kì í ṣe ọmọkùnrin yẹn."

"Òun náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìwé tó kọ ni mò ń sọ." Ó tún mú abọ́. "Àbí kí ló kàn ọ́? Ọmọ Germaine ni ọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní ká máa lọ, wàá dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wàá máa juwọ́ sí wa."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Sèlíátù lára. "Bàbá mi ńkọ́?"

"Bàbá rẹ á wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú wa."

"Tí bàbá mi bá wà nínú ọkọ̀, iwájú ọkọ̀ lèmi máa dùbúlẹ̀ sí. Dírẹ́bà yóò sọ ibi tó máa gbà."

Alájì wò ó dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ẹnu yìí kì í ṣe ti Germaine," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Ti Àkànmú ni." Ó wá yíjú padà. "Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ò ní wá."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré, ọkùnrin kan wọ kíláàsì. Aṣọ rẹ̀ gún, ó há fáìlì aláwọ mọ́ abíyá. Sèlíátù nìkan ló wà níbẹ̀, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà.

"Ìwọ lo kọ ìwé àwọn Anago àdúgbò yìí," ni ọkùnrin náà wí. "Mo gbọ́ pé o kọ ìlú wọn àti ọdún tí wọ́n dé. Iṣẹ́ tó dára ni. Gbé e wá kí n ṣe ẹ̀dà rẹ̀, màá dá a padà lọ́la."

Ìwé náà wà lórí tábìlì níwájú Sèlíátù. Ó mú un bí ẹni tó fẹ́ nà án sí i, ó gbé ara sókè díẹ̀, ó tì í sábẹ́ ìdí, ó sì jókòó lé e.

"Ta ló rán yín wá, Mùsíọ̀?"

"Àwọn tó wà lókè."

"Kí lorúkọ yín?"

"Orúkọ mi kọ́ là ń wá."

"Ẹ ní lẹ́tà?"

"Lẹ́tà kí ni? Ìwé ọmọléèwé lásán." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀ wá yẹ iṣẹ́ rẹ wò lọ́jọ́ Ẹtì. Anago tó bá fẹ́ di olùkọ́ ìjọba, ó yẹ kó mọ ẹni tó ń bá ṣọ̀rẹ́."

"Mo ti jókòó lé e," ni Sèlíátù wí. "Tí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ wá gbé mi dìde."

Bí Étienne ti wọlé bá wọn nìyẹn. Ọkùnrin náà yíjú sí i, ó ń fi èdè Baulé bá a sọ̀rọ̀ bí ẹbí. Ó ní kó bá òun bá ọmọdébìnrin yìí wí, wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ kan náà, ó mọ ohun tó ń lọ nílùú.

Étienne níyàwó, ó ní ọmọ mẹ́rin, owó oṣù rẹ̀ sì ti pẹ́ kó tó dé. Ó fa ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Ọmọ ilẹ̀ yìí náà mọ̀wé kà," ló wá wí. "Lẹ́tà dà?"

Ọkùnrin náà kò ní lẹ́tà. Ó wo àwọn méjèèjì bí ẹni ń kọ́ ojú wọn sórí, ó jáde.

Sèlíátù mú ìwé náà jáde, ó ṣí i, ó sì ń kà á bí ẹni tí kò kọ ọ́. Ohun tó jẹ́ ìkíni nígbà tó wà lẹ́nu, bó ti wà nínú ìlà lójú ìwé yìí, ẹ̀sùn ló jọ. Jàfárù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ó ti Gánà wá. Kò sí ibi tó kọ ọ́ sí pé wọ́n bu omi fún òun.

"Sun ún," ni Étienne wí.

"Rárá. Tí mo bá sun ún, wọ́n á ní mo ti fún un, mo wá ń purọ́. Olóhun ni màá dá a padà fún."

Orúkọ tó wà nínú kọ̀ǹpútà ló tún kù. Sèlíátù kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á rẹ́. Ó mú ìwé ìtọ́nisọ́nà ẹ̀rọ náà, èyí tó ti fo ìdajì rẹ̀ kọjá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nítorí pé Faransé inú rẹ̀ le, ó jókòó tì í títí oòrùn fi yí. Ó tẹ ibi kan, kọ̀ǹpútà kú. Ó tún un tàn. Ní ojú ìwé kẹtàlélógún ló ti rí i: ẹ̀rọ náà kò nílò orúkọ rárá. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn àpótí kọ̀ọ̀kan ti tó. Olùkọ́ á mọ ọmọ tó fún ní nọ́ńbà kejìlá, kò sí ẹlòmíràn tó nílò láti mọ̀ ọ́n.

Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ dé. Òun ni kò kà á. Ó pa orúkọ gbogbo wọn rẹ́, ó fi nọ́ńbà rọ́pò wọn.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé e lọ fún àwọn tó ni ín. Sàfúrátù ló bá ní agbo ilé Alájì.

"Ojú ìwé tiyín nìyí, Ìyá. Mi ò ní ẹ̀dà rẹ̀. Mo ti pa ti inú ẹ̀rọ rẹ́."

Sàfúrátù kò mọ̀wé. Ó pe Qoreebah, ọmọ ọmọ rẹ̀, kó wá kà á sókè. Qoreebah kà á láti òkè dé ilẹ̀.

"Ó pé," ni Sàfúrátù wí. "Ó pé jù."

Sèlíátù fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀. "Mo ṣẹ̀ yín. Mo béèrè ohun tí iṣẹ́ mi kò nílò, mi ò sì sọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ọkùnrin kan fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi lónìí."

Alájì Jàfárù yọjú láti inú yàrá. "Ọkùnrin wo?"

"Kò dárúkọ. Kò mú lẹ́tà wá."

"Kí lo wá fún un?"

"Mi ò fún un ní nǹkan kan. Mo jókòó lé e."

"O jókòó lé e?"

"Ìdí mi ni mo fi jókòó lé e, Bàbá."

Alájì rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣí fìlà, tó ń fi nu ojú. Nígbà tó dákẹ́, kò sí ẹ̀rín mọ́ lójú rẹ̀. "Ọmọkùnrin Kùmásì kò wá dá ìwé padà fún wa," ló wí. Ó gba ojú ìwé náà lọ́wọ́ Qoreebah, ó ká a sápò. "Ṣùgbọ́n mi ò ní rán ọmọ lọ síbi tí mi ò fojú mi rí."

"Ẹ wá rí i. Lọ́jọ́bọ̀, tí àwọn ọmọ bá ti jáde."

Àgbàlagbà mọ́kànlá ló wá lọ́jọ́ náà. Wọ́n jókòó sí àga ọmọ, orúnkún wọn ga dé àgbọ̀n. Sèlíátù pín àpótí fún wọn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ hàn lójú tẹlifísọ̀n, Qoreebah tó tẹ̀ lé wọn wá kà á fún wọn ní Yorùbá: dọ́sìnnì abọ́ méje, abọ́ mélòó ni?

Alájì ti tẹ bọ́tìnnì kó tó kà á tán.

"Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ẹ̀rọ yìí ò ta abọ́ rí."

Étienne tó jókòó lẹ́yìn tẹ èyí tí kò tọ́, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Sàfúrátù tẹ bọ́tìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Kí ló dé, Ìyá?"

"Mo fẹ́ kó mọ̀ pé mo wá."

Alájì wá dìde, ó yí ẹ̀rọ náà ká, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Ohun tí a tẹ̀ yìí, níbo ló lọ?"

"Inú kọ̀ǹpútà yìí ni. Kò ní wáyà tó jáde kúrò ní yàrá yìí àfi ti iná. Ẹ tọ̀ ọ́ lẹ́yìn."

Ó tọ wáyà náà lẹ́yìn dé ara ògiri. "Ta ló ń rí i?"

"Èmi àti Mùsíọ̀ Étienne."

"Tí o bá kúrò níbí ńkọ́?"

"Màá pa á rẹ́ kí n tó lọ. Ẹ wá wò ó bí wọ́n ṣe ń pa á rẹ́." Ó pa ìdáhùn àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá rẹ́ lójú wọn. Sàfúrátù ní ó dun òun díẹ̀.

"Ó dáa," ni Étienne wí, "èmi náà ní ọ̀rọ̀ kan. Nínú àwọn mẹ́tàdínlógún yìí, àwọn márùn-ún ò ní ìwé ìbí. Wọn ò lè ṣe ìdánwò láìsí i. Ẹ ń sá fún ẹ̀rọ tí kò ṣe yín ní nǹkan kan, ohun tó máa dá ọmọ yín dúró gan-an wà nílé, ẹ jókòó tì í."

Alájì fajú ro. "Ẹ tún wò ó. Ẹ ní ká má bẹ̀rù ìwé, ẹ tún ní ká lọ gba ìwé."

"Bàbá," ni Sèlíátù wí, "ìwé tí ẹlòmíràn há mọ́ abíyá nípa yín yàtọ̀ sí èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀yin fúnra yín. Àkọ́kọ́ lè lé yín. Ìkejì lẹ máa fi dúró."

Ìyá Ẹ̀jìgbò kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí ọ́fíìsì ìwé ìbí ní ilé ìjọba ìbílẹ̀. Étienne sọ fún un. Ó ní ẹni tí wọn ò kọ ìbí rẹ̀ sílẹ̀ lásìkò, ilé ẹjọ́ lá lọ, kó mú àwọn tó mọ ìgbà tí wọ́n bí ọmọ náà dání. Ó ní ẹni tó bá ní òun lè bá wọn ṣe é kíákíá lẹ́yìn ọjà, kí wọ́n lé e.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọ mẹ́rìndínlógún nínú mẹ́tàdínlógún ló padà. Ẹnì kan tó kù, Sheriffdeen, bàbá rẹ̀ ti fi í sínú ọkọ̀ ní ọjọ́ Àìkú, ó ti ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kí Sèlíátù tó mọ̀ rárá pé ìbẹ̀rù wà nílẹ̀. Kò padà wá ṣe ìdánwò ọdún yẹn. Sèlíátù kò dárí ìyẹn ji ara rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Obìnrin kan tó wọ awò ojú ló wá láti Káfópù. Ó jókòó lẹ́yìn, ó ń kọ̀wé. Ẹ̀kọ́ náà lọ dáadáa, àwọn ọmọ ń tẹ bọ́tìnnì, wọ́n ń jiyàn, àwọn tó kùnà ń sọ ìdí tí wọ́n fi rò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, obìnrin náà gbé bírò sílẹ̀.

"Nọ́ńbà ni mò ń rí lójú tẹlifísọ̀n. Orúkọ àwọn ọmọ dà?"

"Mo yọ ọ́, Màdámù."

"Wọ́n ní kí ẹ kọ orúkọ sí i."

"Ojú ìwé kẹtàlélógún ní kò pọn dandan. Mo mọ gbogbo wọn lórúkọ. Ẹ nawọ́ sí ẹni tó bá wù yín."

Obìnrin náà nawọ́ síhìn-ín, ó nawọ́ sọ́hùn-ún. Sèlíátù ń dárúkọ, kò ṣi ọ̀kan ṣoṣo pè, látorí Kùàmé dórí Raïmi méje, kálukú pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé.

Méjìlá nínú ogún ni wọ́n fún un, ó yege. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó mọṣẹ́, ṣùgbọ́n olóríkunkun ni. Étienne kà á, ó ní ìdajì kejì yẹn ni kó gbé kọ́ ògiri.

Ẹ̀yin òbí, ní Bùàké o, ní Marabadiasa o, ní ibikíbi tí wọ́n bá ti ń pè yín ní àlejò níbi tí ẹ bímọ sí, ẹ má tìtorí àgbọ́sọ yọ ọmọ níléèwé. Bí wọ́n bá gbé ohun tuntun wá sí kíláàsì, ẹ lọ wò ó. Ẹ fọwọ́ kàn án. Iléèwé kì í ṣe ààfin.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ orúkọ yín sílẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ tí ẹ tọ́ dàgbà, ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe, ibi tó fẹ́ tọ́jú rẹ̀ sí, ẹni tó máa rí i àti ìgbà tó máa pa á rẹ́. Ẹni tó bá wá fún rere kò ní bínú. Ẹni tó bá bínú ti dá yín lóhùn nìyẹn. Ẹni tí kò ní lẹ́tà, tí kò dárúkọ ara rẹ̀, kò yẹ kó gba orúkọ ẹlòmíràn lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ka ìwé ẹ̀rọ tán kí ẹ tó tàn án. Ohun tí ẹ̀kọ́ kò bá nílò, ẹ má béèrè rẹ̀. Bí ẹ bá sì ti béèrè ná, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín, kí ẹ tọrọ àforíjì, ojú kì í tini kú.

Ẹ gba ìwé ìbí ọmọ yín ní ọ́fíìsì tó yẹ, láti ọjọ́ tí ẹ bá ti bí i. Ẹ má rà á lójú pópó. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sí ibi tí ọwọ́ yín ti lè tètè tó o.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wẹ ọmọ, ẹ wọ aṣọ fún un, kó máa lọ síléèwé. Ẹ sọ fún un pé kó má sá pamọ́ sẹ́yìn kíláàsì. Kó jókòó síwájú pátápátá, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè sọ pé òun ò rí i.